ÌGBANI-NÍYÀNJÚ NÍNÚ LẸ́TÀ KEJÌ TÍ PỌ́Ọ̀LÙ KỌ SÍ TÍMÓTÍÙ: ÀYẸ̀WÒ OLÙKỌ́ ÈDÈ

1. Ìfáàrà

Nínú gbogbo iṣẹ́ àròkọ tí àwa olùkọ́ Yorùbá máa ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, bóyá ni a rí èyí tí ó wọ́pọ̀ tó lẹ́tà ìgbani-níyànjú. A ó ní kí ọmọ kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ tí kò yege nínú ìdánwò, tàbí sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú àjèjì. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń fún wọn ní irú iṣẹ́ báyìí, tí mo sì ń fi báírò pupa máàkì rẹ̀. N kò fi ìgbà kan rò ó pé èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n kọ.

Ohun tí ó là mí lójú ni ìwé kan tí ọmọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí fi ránṣẹ́ sí mi. Ìjọ rẹ̀ ni ó rán an lọ sí abúlé kan tí ó jìnnà, níbi tí wọn kò ti gbọ́ èdè rẹ̀, pé kí ó lọ wàásù níbẹ̀. Ó ní oúnjẹ kò wọ́n òun. Ó ní ohun tí ó ń dun òun ni pé ẹni tí àwọn jọ lọ ti padà sílé, àti pé gbogbo lẹ́tà tí ó ń ti ilé wá ń sọ ohun kan náà: kí òun má bẹ̀rù, kí òun jẹ́ alágbára, Ọlọ́run ń bẹ lẹ́yìn òun. Ó ní, 'Tísà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìwé sí mi.'

Mo jókòó, mo kọ ọ́. Nígbà tí mo parí ojú-ìwé kìn-ín-ní, mo kà á bí ẹni tí ó ń máàkì, mo sì rí i pé bí ó bá jẹ́ ọmọ kíláàsì mi ni ó kọ ọ́, máàkì márùn-ún nínú ogún ni ì bá gbà lọ́wọ́ mi. Òwe mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, àdúrà mẹ́ta, àti àṣẹ tí n kò lè kà. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó fi hàn pé mo mọ ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí. Mo fa ìwé náà ya. Mo wá lọ wo lẹ́tà tí ó lókìkí jù lọ nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, èyíinì ni èkejì tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótíù, kí n lè mọ bí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe ṣe é.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín kì í ṣe ìwàásù. Olùkọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè bá mi ká a, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń ka ẹsẹ Ifá ní kíláàsì láìjẹ́ pé babaláwo ni wá. Èrò mi ni pé agbára lẹ́tà yìí kò sí nínú àwọn àṣẹ tí ó pa fún ọ̀dọ́ òjíṣẹ́ náà. Ó wà nínú ohun méjì: lẹ́tà náà pe ìnira ní orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó sì kọ ọ́ kò fi àìní tirẹ̀ pamọ́ fún ọmọ.

2. Lẹ́tà náà àti bí ó ṣe di ti Yorùbá

Lẹ́tà kékeré ni. Orí mẹ́rin ni ó ní, ẹsẹ rẹ̀ kò sì ju 83 lọ. Ohùn tí a ń gbọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ti àgbàlagbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ní Róòmù, tí ó sì mọ̀ pé òun kò ní í pẹ́ kú. Ẹni tí a kọ ọ́ sí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Lísírà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Gíríìkì. Àwọn onímọ̀ Bíbélì kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Àwọn kan wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lò àti bí ó ṣe lò wọ́n, wọ́n ní ọmọ-ẹ̀yìn Pọ́ọ̀lù kan ni ó kọ ọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní Pọ́ọ̀lù gan-an ni. Àríyànjiyàn yẹn kò dí iṣẹ́ wa lọ́wọ́, nítorí ohùn tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà náà ni a ń yẹ̀ wò.

Ní ti Yorùbá, a mọ̀ pé Samuel Àjàyí Crowther ni aṣíwájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ jáde, ní 1850. Thomas King wà lára àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ náà. Odindi Bíbélì kò parí títí di 1884.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí nípa àkọlé. Nínú Bíbélì Mímọ́ àtijọ́, 'Episteli' ni wọ́n pe irú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti ilẹ̀ Gíríìkì gba inú èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí wọ́n fi ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀: 'ó kọ ìwé sí mi' ni wọ́n ń wí. Mo bi kíláàsì kan léèrè bí wọ́n bá mọ lẹ́tà kan nínú Bíbélì. Gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n ní Episteli, ọwọ́ mẹ́sàn-án ni ó dìde. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ni ó jókòó tí ó kọ ọ́ sí ẹnì kan. Bí a kò bá mọ̀ pé lẹ́tà ni, kò sí bí a ṣe lè kọ́ nǹkan kan nípa lẹ́tà kíkọ nínú rẹ̀.

3. Ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí ó ti wà nílẹ̀ rí

Ní èdè wa, ìtùnú, ìkìlọ̀ àti ìṣírí kì í ṣe ohun kan náà. Lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán ni a ń tu ènìyàn nínú. Kí ó tó ṣẹlẹ̀ ni a ń kìlọ̀. Ìṣírí ni ti ẹni tí ó wà láàárín ọ̀nà, tí ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀. Àṣìṣe tí ó pọ̀ jù nínú lẹ́tà àwọn ọmọ wa, àti nínú lẹ́tà tí mo fà ya, ni pé a máa ń fi ìkìlọ̀ ṣe ìṣírí. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ni à ń sọ fún pé kí ó má gbé ẹrù wúwo.

Pọ́ọ̀lù kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun rántí omijé ọmọ náà. Kò ní kí ó má sunkún mọ́, kò sì ní ọkùnrin kì í sunkún. Ó kàn jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun rí i, òun kò sì gbàgbé. Lẹ́yìn èyí ni ó dárúkọ ìyá-ìyá ọmọ náà, Lóísì, àti ìyá rẹ̀, Yúnísì, ó sì sọ pé ìgbàgbọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé inú àwọn obìnrin méjì yẹn ni ó wà nínú òun náà.

Ẹni tí ó bá mọ oríkì yóò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì, ìyá àgbà yóò ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ fún un kí orí rẹ̀ lè wú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ oríkì orílẹ̀ wa, ìran bàbá ni a ń kà, akin àti olówó inú wọn ni a sì ń gbé ga. Pọ́ọ̀lù kò sọ nǹkan kan nípa bàbá ọmọ yìí. Obìnrin méjì ni ó fi ki í, kò sì ka iṣẹ́ akin kankan sí wọn lọ́rùn. Ohun tí ó wà ní ilé, tí ọmọ náà ti mọ̀ kí ó tó mọ Pọ́ọ̀lù, ni ó tọ́ka sí.

Lẹ́yìn èyí ni ó mú àwòrán iná wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ó lò ní èdè Gíríìkì ni èyí tí wọ́n ń lò fún iná tí ó fẹ́ kú, tí a wá ń fẹ́ kí ó lè tún ràn. Nínú Bíbélì Mímọ́ àtijọ́, èyí ti di rírú ẹ̀bùn náà sókè, iná sì ti kúrò níbẹ̀. Àdánù gidi ni èyí jẹ́. Kò sí ẹni tí ó dàgbà nínú ilé ìdáná Yorùbá tí kò mọ iná tí eérú bò mọ́lẹ̀. Ìyá tí ó jí ní òwúrọ̀ kì í sáré lọ tọrọ iná ní ilé kejì kí ó tó fi igi wa eérú wò. Bí ẹyin iná bá ṣì wà nísàlẹ̀, yóò fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ fún ọ̀dọ́ náà ni pé kò nílò iná tuntun, eérú ni kí ó wà kúrò. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti 'jẹ́ alágbára', nítorí ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó jẹ́ alágbára lè rò pé a ti rí i pé kò lágbára rárá.

4. Ọmọ-ogun, eléré àti àgbẹ̀

Ní orí kejì ni àwòrán mẹ́ta tí gbogbo oníwàásù mọ̀ wà. Wọ́n sábà máa ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan náà, pé kí ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ kára. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọ-ogun ni pé ẹni tí ó gbà á sí ogun nìkan ni ó ń wò, kò fi òwò àti àlámọ̀rí ará ilé dí ara rẹ̀. Ti eléré ni pé bí ó ti wù kí ó yára tó, bí kò bá tẹ̀lé òfin eré, kò sí adé fún un. Ti àgbẹ̀ ni pé ẹni tí ó làágùn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú ìkórè. Ìfarajìn, òfin, ẹ̀tọ́: mẹ́ta ni.

Ó yẹ kí a bi ara wa bí àwọn àwòrán wọ̀nyí ṣe dún ní etí Yorùbá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ìtumọ̀ Bíbélì parí ní 1884, ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ṣì wà lójú ìjà. Ogun náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àgọ́ ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlú, tí àwọn ọmọ-ogun ń dáko tí wọ́n sì ń ṣòwò níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ-ogun tí kì í fi òwò dí ara rẹ̀ jẹ́ àjèjì díẹ̀ sí Yorùbá ayé ìgbà yẹn. Ohun tí kò ṣàjèjì sí wọn ni pé ọmọ-ogun ní balógun kan tí ó ń wojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwòrán náà ti wọlé.

Ti eléré rọrùn. Ìjàkadì ni a fi lè yé ọmọ wa: ẹni tí ó bu iyanrìn sí ojú alátakò rẹ̀ lè dá a, ṣùgbọ́n kò sí onílù tí yóò lù fún un.

Ti àgbẹ̀ ni ó le jù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, àgbẹ̀ kì í jẹ iṣu tuntun kí a tó ṣe ọdún rẹ̀. Àwọn òrìṣà àti àgbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi í jíṣẹ́ fún. Lẹ́tà yìí ní àgbẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ jẹ. Bí ọ̀dọ́ tí ìjọ rán jáde bá ka èyí, yóò rí i pé Pọ́ọ̀lù kò ka ebi sí ohun mímọ́ fún òjíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń rán ènìyàn jáde ju ẹni tí a rán lọ. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìṣírí tí a ń kọ sí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì ni a fi ń rọ́pò owó oṣù tí a kò san.

5. Aṣọ, ìwé àti àwọn tí ó lọ

Orí kẹrin ni ó mú mi gbà pé lẹ́tà yìí kì í ṣe ìwàásù tí a wọ ẹ̀wù lẹ́tà fún. Lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ tán pẹ̀lú ohùn tí ó ga, ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ilé. Ó ní kí Tímótíù tètè wá. Démásì ti fi òun sílẹ̀ lọ sí Tẹsalóníkà nítorí ìfẹ́ ayé yìí. Tirófímù ń ṣàìsàn ní Mílétù, ibẹ̀ ni òun fi í sí. Lúùkù nìkan ni ó kù lọ́dọ̀ òun. Kí Tímótíù bá òun mú aṣọ tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀, àti àwọn ìwé, pàápàá àwọn tí a kọ sí ara awọ. Kí ó sì gbìyànjú kí ó dé kí ìgbà òtútù tó dé.

Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fo ibí yìí. Lójú tèmi, òun ni òpó lẹ́tà náà. Àgbà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ń sọ fún ọmọ pé òtútù ń mú òun, pé òun ń fẹ́ ìwé kà, pé ó ń ṣe òun bíi kí òun ní ẹnì kejì. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò dínkù nítorí èyí. Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ tí a bá bẹ̀ níṣẹ́ mọ̀ pé òun wúlò. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé òun wúlò ti gba ìṣírí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wo àwọn orúkọ náà pẹ̀lú. Pọ́ọ̀lù kò fi pamọ́ fún ọ̀dọ́ òjíṣẹ́ pé àwọn kan ń lọ. Àwa a máa rò pé bí a bá sọ fún ọmọ pé ẹlòmíràn ti padà lẹ́yìn, òun náà yóò padà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rí i pé wọ́n ń lọ. Bí àgbà bá dákẹ́ nípa rẹ̀, ohun tí ọmọ yóò kọ́ ni pé àgbà kò rí òtítọ́, tàbí pé ó rí i ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́.

Orúkọ kan tún wà nínú àkójọ yẹn tí ó ju gbogbo wọn lọ. Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótíù mú Máàkù lọ́wọ́ bọ̀, nítorí ó wúlò fún òun nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí ọmọkùnrin yìí. Òun ni ó bá Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lọ ìrìn-àjò wọn àkọ́kọ́, tí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní Páńfílíà, tí ó padà sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí Bánábà fẹ́ kí wọ́n tún mú un dání, Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn jà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n pínyà. Máàkù yìí kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ti gbà á láti ìgbà láéláé, ni Pọ́ọ̀lù ń ránṣẹ́ pè ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Kò ṣàlàyé, kò sì tọrọ àforíjì. Ó kàn ní ó wúlò. Démásì àti Máàkù wà ní ojú-ìwé kan náà: ọ̀kan lọ, ọ̀kan ti lọ rí, ó sì ti padà. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan láìka èkejì kò tíì ka lẹ́tà náà.

6. Ìtara ọ̀dọ́ àti ìtàn ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì

Ó yẹ kí a sọ ohun tí ìtara lè dà bí kò bá ní ìrántí àwọn tí ó ti wà ṣáájú. Lẹ́tà yìí ní kí ìránṣẹ́ Olúwa jẹ́ oníwà tútù sí àwọn tí ó bá ń ṣàtakò. Lẹ́tà kìn-ín-ní sí Tímótíù sì kìlọ̀ pé kí ọ̀dọ́ má ṣe bá àgbà wí ní ìbáwí líle, kí ó máa pàrọwà fún un bíi bàbá. Ìtàn Crowther tí ó darí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí Yorùbá fi hàn bí ó ti rí nígbà tí a kò tẹ̀ lé wọn.

Ní 1864 ni a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn òjíṣẹ́ ọmọ Áfíríkà ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ ìjọ lẹ́bàá odò Ọya. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì kan dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson ni aṣíwájú wọn. Onítara ni wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò gba ohun tí wọ́n ń wàásù gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Oníṣà ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, ní ìṣojú àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Robinson kú ní 1891 kan náà, Brooke sì kú ní 1892. Àwọn òpìtàn wa bíi J. F. Adé Àjàyí àti E. A. Ayándélé ti kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

N kò sọ pé kò sí àléébù lára àwọn òjíṣẹ́ Crowther. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ka lẹ́tà sí Tímótíù fún ìtara nìkan ti fo Lóísì àti Yúnísì, ó ti fo Máàkù. Ó gba iná, kò bèèrè ẹni tí ó dá a.

7. Ibi tí lẹ́tà náà kù sí

Iṣẹ́ alárìíwísí kò pé bí ó bá yìn nìkan. Ohun mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, ní orí kẹta, Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin kan tí àwọn ẹlẹ́tàn ń tàn jẹ nínú ilé, bí ó sì ṣe sọ ọ́ kò bá ọ̀wọ̀ tí ó fún Lóísì àti Yúnísì mu. Ẹni tí yóò bá kọ́ ọmọbìnrin ní lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ fi ibi méjèèjì hàn án. Èkejì, ọ̀rọ̀ Alẹkisáńdà alágbẹ̀dẹ bàbà: Pọ́ọ̀lù fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láti san án fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ìbínú ẹni tí a ṣẹ̀ ni a ń gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ìtutù tí òun fúnra rẹ̀ pàṣẹ. Ó mú kí lẹ́tà náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi kọ́ ọmọ bí àwòṣe.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìtumọ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀, àwòrán tí ó lò ní èdè Gíríìkì ni ti ohun mímu tí a ń ta sílẹ̀ níwájú ohun tí à ń bọ. Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ sọ ọ́ di rírúbọ ní gbogbogbòò. Kí ni Yorùbá mọ̀ ju títa otí sílẹ̀ lọ? Bóyá àwọn atúmọ̀ bẹ̀rù pé yóò dún bí ìbọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n ẹbọ lè jẹ́ ti ẹran tí a pa lẹ́ẹ̀kan. Otí tí a ń ta sílẹ̀ a máa tán díẹ̀díẹ̀. Ikú díẹ̀díẹ̀ ni àgbà yìí ń kú.

Mo fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kún un, nítorí pé olùkọ́ gírámà ni wá. Ní gbogbo lẹ́tà náà, ẹnì kan ni Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀, 'ìwọ' sì ni a fi túmọ̀ rẹ̀, bí ó ti yẹ láti ẹnu àgbà sí ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ìkíni ìkẹyìn, èdè Gíríìkì yí padà sí ọ̀pọ̀: gbogbo ilé ni ó ń kí. Bí a bá fi 'yín' túmọ̀ rẹ̀, etí Yorùbá lè gbọ́ ọ̀pọ̀, ó sì tún lè gbọ́ ọ̀wọ̀. Ó dára kí a jíròrò èyí ní kíláàsì, nítorí pé ó fi hàn pé lẹ́tà tí a kọ sí ọmọ kan lè jẹ́ ti gbogbo ilé tí ó dúró tì í.

8. Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Mo fẹ́ dábàá pé kí a yí bí a ṣe ń máàkì lẹ́tà ìgbani-níyànjú padà díẹ̀. Àdírẹ́sì, déètì, ìkíni àti àmì ohùn ní àyè tiwọn, kí a má mú wọn kúrò. Ṣùgbọ́n nínú máàkì tí a ń fún àkóónú, kí a wo ohun mẹ́rin. Ǹjẹ́ ọmọ náà sọ ohun kan tí ó fi hàn pé ó mọ ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà sí? Ǹjẹ́ ó dárúkọ ìnira náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí? Ǹjẹ́ ó tọ́ka sí ohun rere tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni náà rí? Ǹjẹ́ ó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ kan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ? Lẹ́tà tí ó ní òwe mẹ́fà tí kò ní ọ̀kan nínú mẹ́rin wọ̀nyí kò yẹ kó gba ju ìdajì lọ. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sí nílẹ̀, kí ni ẹṣin náà ń gbé?

Àwọn kan yóò ní èyí yóò mú máàkì nira. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò dàgbà di ẹni tí a ń kọ ìwé sí láti ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá jẹ́ Kristẹni, wọn yóò rán ọmọ lọ sí pápá ìwàásù. Bí wọn kò bá jẹ́ Kristẹni, wọn yóò rán an lọ sí ibòmíràn. Ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ bá dé ni wọn yóò mọ ohun tí a kọ́ wọn.

9. Ìkádìí

Mo tún lẹ́tà mi kọ. Ojú-ìwé kan ni mo fi parí rẹ̀. Mo rán ọmọkùnrin náà létí ìyá rẹ̀ tí ó máa ń ta àkàrà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa, tí kì í jẹ́ kí òjò dí òun lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé n kò mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti já sí. Mo ní ẹni tí wọ́n jọ lọ, tí ó padà sílé, kí ó má ṣe yára pè é ní Démásì. Ó lè jẹ́ Máàkù, kí ó kọ ìwé sí i. Níkẹyìn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi gba ìkíni àwọn ará abúlé náà sílẹ̀, ti òwúrọ̀, ti ọ̀sán, ti ẹni tí ó ti oko dé, nítorí mo fẹ́ fi wọ́n wé tiwa ní kíláàsì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èsì dé. Ojú-ìwé méjì ni ó kún fún ìkíni, ó sì fi àmì sí àwọn tí kò tíì dá a lójú, pé òun yóò lọ bi ìyá àgbà kan léèrè. Kò sọ bóyá ọkàn òun ti le. N kò sì bi í.